Òjò, Òkè àti Ìṣirò Kọ̀ǹpútà: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Àgbà Ìlú Máa Bèèrè

(Àsọyé tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́)

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a pè wá láti sọ, ọ̀rọ̀ òjò ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn sì ni pẹ̀lú. A fẹ́ fi yé yín bí àwọn ẹnjiníà ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bóyá òkè yóò dúró tàbí yóò ya nígbà tí òjò bá rọ̀ sí i, bí ìṣirò náà ti ń ṣìnà, àti bí a ti ń wá ibi tí ó gbé ṣìnà rí. Ìdí tí a fi mú un tọ̀ yín wá ni pé ẹ̀yin ni a ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá kí ẹ tó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, fún ọjà, tàbí fún ọ̀nà tuntun. Ẹ̀yin ni ẹ ó fi ọwọ́ sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ní Freetown, olú ìlú Sierra Leone, apá kan òkè tí wọ́n ń pè ní Sugar Loaf ya, ó sì bo àwọn ilé tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Regent mọ́lẹ̀. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje títí di ọjọ́ náà, òjò tí ó rọ̀ ní Freetown tó milimítà 1,040, èyí tí í ṣe ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n máa ń rí ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ jẹ́ 1,141. Àwọn tí kò nílé mọ́ lé ní 3,000. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn yóò rántí pé abúlé àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni Regent í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí a sì kó lọ sí Freetown àti àwọn abúlé orí òkè rẹ̀, ọmọ Yorùbá kò kéré. Àwọn ni a ń pè ní Aku. Àjàyí Crowther, tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1822, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà òkè tí ó ya yìí kì í ṣe òkè àjèjì sí wa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fọ̀ tí ó ṣẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀fọ̀ ará òkèèrè.

Kí ni òjò ń ṣe fún òkè? Ẹ wo àwọn ọmọdé tí ń fi iyanrìn kọ́ ilé ṣeré. Iyanrìn gbígbẹ kì í dúró. Ó máa ń ya lọ lábẹ́ ọwọ́ wọn. Bí wọ́n bá wọ́n omi díẹ̀ sí i, a lè fi mọ ògiri. Bí wọ́n bá sì da omi garawa kan lé ògiri náà lórí, yóò wó lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilẹ̀ òkè rí. Nígbà tí omi inú rẹ̀ bá kéré, omi náà a máa fa àwọn hóró ilẹ̀ mọ́ ara wọn. Èyí ni a ó máa pè ní ìfàmu. Nígbà tí omi bá kún gbogbo àlàfo tí ó wà láàárín àwọn hóró, ìfàmu a pòórá, omi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn hóró kúrò lára ara wọn. Ìwúwo ilẹ̀ kò dín kù, ṣùgbọ́n agbára tí hóró fi ń di hóró mú ti dín kù. Karl Terzaghi, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó fi ìdí òfin yìí múlẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930, lórí rẹ̀ sì ni ìmọ̀ ìdúró ilẹ̀ dúró lé títí di òní.

Àwọn ẹnjiníà a máa fi nọ́ńbà kan ṣoṣo kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà jọ. Wọn a ṣírò agbára tí ó di ilẹ̀ mú, wọn a ṣírò agbára tí ó ń fà á wá sísàlẹ̀, wọn a sì fi ti èkejì pín ti èkíní. Bí èsì bá ju 1 lọ, òkè dúró. Bí ó bá dín sí 1, òkè yóò ya. Níbi tí ilé àti ènìyàn bá wà nísàlẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí ó kéré sí nǹkan bí 1.4 tàbí 1.5.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn wa ya òkè kan sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kan, kí a sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé òpin ọ̀rọ̀ wa. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ dígírì 30. Ilẹ̀ pupa tí ó bo àpáta rẹ̀ jìn ní mítà 2. Ìwúwo ilẹ̀ náà jẹ́ kilonewton 18 nínú mítà kan ní ìbú, ní òró, àti ní ìjìn. Ìlẹ̀mọ́ra rẹ̀ jẹ́ kilopascal 5, igun tí hóró fi ń di hóró mú sì jẹ́ dígírì 32. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó mọ sine àti cosine lè ṣe ìṣirò yìí lórí pátákó. Bí omi inú ilẹ̀ náà kò bá tì tí kò sì fà, èsì jẹ́ 1.40. Bí omi bá kún un láti orí àpáta títí dé ojú ilẹ̀, tí ó sì ń ṣàn wá sísàlẹ̀ bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ti dà, èsì jẹ́ 0.81. Òkè kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Omi nìkan ni ó yàtọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá wọn.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá lè ṣe é lórí pátákó, kí ni a wá ń wá kọ̀ǹpútà fún? Ìdáhùn ni pé òjò kì í kún ilẹ̀ lọ́gán. Ó ń wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ń yára níbi kan, ó ń falẹ̀ níbòmíràn. Bí ó bá sì bá amọ̀ líle pàdé, a yí padà a gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Henry Darcy fi hàn ní ìlú Dijon, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1856, bí omi ti ń gba inú iyanrìn kọjá. Lorenzo Richards ní Amẹ́ríkà mú ọ̀rọ̀ náà síwájú ní ọdún 1931, ó sọ ọ́ di òfin fún ilẹ̀ tí omi kò tíì kún. Òfin Richards yìí ni kò ṣe é fi gègé ṣírò fún òkè gidi. Nítorí náà kọ̀ǹpútà a pín òkè sí wẹ́wẹ́ bí ojú àwọ̀n ẹja, a sì pín àsìkò sí ìgbésẹ̀ kéékèèké. Ní ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a bèèrè pé: omi mélòó ni ó wọlé, mélòó ni ó jáde, mélòó ni ó kù?

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti tutù tó ni omi ti ń yára gbà á kọjá tó. Bí omi bá sì ti yára tó ni ilẹ̀ ti ń tutù tó. Ẹ̀rọ kò lè mọ ọ̀kan láìmọ èkejì. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń nájà. Ó dá iye kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò bá a mu, ó tún òmíràn dá, gẹ́gẹ́ bí olùtà àti olùrà ti ń súnmọ́ ara wọn títí ọ̀rọ̀ wọn yóò fi ṣọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni ó tó gbé ìgbésẹ̀ tí ó kàn.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ọ̀nà méjì ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣìnà. Nígbà mìíràn nájà kò ní ṣọ̀kan, ẹ̀rọ yóò sì dúró lójú ọ̀nà pé òun kò lè lọ mọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò lọ tààrà dé òpin, yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère, irọ́ ni yóò sì jẹ́. Èkíní a máa mú orí ènìyàn gbóná, ṣùgbọ́n èkejì ni ó ń pa ni. Aláìsàn tí ó ń kígbe sàn ju èyí tí àrùn ń jẹ nínú láìsọ̀rọ̀. Ìdánwò ńlá tí ó wà níwájú ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà ni kí ó wá ọgbọ́n pa ẹnu ẹ̀rọ tí ó ń kígbe mọ́, dípò kí ó wá ohun tí ó ń dùn ún. Nítorí náà a ń wí fún yín pé, ẹ má ṣe bèèrè nọ́ńbà kí ẹ tó bèèrè omi. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi márùn-ún tí àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí.

Èkíní ni òṣùwọ̀n. Òjò líle kan lè jẹ́ milimítà 36 ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó fẹ́ kí a kọ ọ́ ní mítà fún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí a bá yí i padà bí ó ti yẹ, ó jẹ́ mítà 0.00001 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó gbàgbé láti sọ milimítà di mítà ti sọ òjò náà di ìlọ́po 1,000. Ẹni tí ó gbàgbé láti sọ wákàtí di ìṣẹ́jú-àáyá ti sọ ọ́ di ìlọ́po 3,600. Èyí tún wà: ẹ̀rọ kan a máa ka omi tí ó ń wọlé sí èrè, òmíràn a máa kà á sí gbèsè. Bí a bá ṣi àmì kan ṣoṣo kọ síwájú nọ́ńbà, òjò ti di ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Òkè yóò máa gbẹ nígbà tí ó yẹ kí ó máa tutù. Àpẹẹrẹ tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé èsì ìdúró òkè yóò máa lọ sókè bí òjò ti ń rọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá rí irú èyí, kí ó má ṣe yọ̀.

Èkejì ni ipò tí ilẹ̀ wà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, èyí ni ó sì léwu jùlọ. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàárín àkọ́rọ̀ òjò àti òjò àrọ̀ìdá. Àkọ́rọ̀ a bá ilẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ, ilẹ̀ a mu ún, kò sì sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ìwọ̀n òjò kan náà bá dé nígbà tí ilẹ̀ ti yó, nǹkan a yí padà. Ẹ̀rọ kò mọ èyí àfi bí a bá sọ fún un. Bí a kò bá sọ ọ́, àṣà rẹ̀ ni kí ó wo ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà, bóyá mítà 10 tàbí 20 nísàlẹ̀, kí ó sì rò pé bí a ti ń gòkè kúrò lórí omi náà ni ìfàmu ń pọ̀ sí i láìní òpin. Ní òkè àpẹẹrẹ wa, bí ẹ̀rọ bá rò pé ìfàmu tó kilopascal 100 wà nínú ilẹ̀ náà, tí ó sì ka díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́rin rẹ̀ sí agbára ilẹ̀, èsì yóò fò láti 1.40 sí 3.1. Òkè ti di odi olódi lórí ìwé! Bẹ́ẹ̀ ni ìfàmu tí ó mú un dúró kò sí níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a fi òjò ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí ti oṣù mélòó kan tí ó ṣáájú bọ́ ẹ̀rọ, kí ilẹ̀ inú rẹ̀ lè tutù bí ilẹ̀ òde ti tutù, lẹ́yìn náà kí a tó mú òjò ńlá náà dé. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí a ri ohun èlò ìwọ̀n ìfàmu mọ́ ilẹ̀ òkè gan-an, kí a sì fi ohun tí ó wí wé ohun tí ẹ̀rọ wí. Ẹ rántí Freetown. Ẹni tí ó bá fi òjò ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn nìkan ṣe ìṣirò lórí òkè gbígbẹ yóò ti fi òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ láìkà.

Ẹ̀kẹta ni ojú ilẹ̀, níbi tí òjò àti òkè gbé pàdé. Bí a bá ń da omi sínú ìgò ẹlẹ́nu tóóró, ìwọ̀n tí ẹnu ìgò bá gbà ni yóò wọlé. Ìyókù yóò dà sílẹ̀. Bí ilẹ̀ òkè wa, lẹ́yìn tí ó bá ti rin tán, kò bá lè gbà ju milimítà 10 lọ ní wákàtí kan, tí òjò milimítà 36 sì ń rọ̀, milimítà 26 yóò ṣàn lọ. Ẹ̀rọ tí a pàṣẹ fún pé kí ó ti gbogbo òjò wọ inú ilẹ̀ tipátipá kò ní jiyàn. Yóò tì í. Nígbà náà ni a ó rí agbára omi lójú ilẹ̀ bí ẹni pé adágún tí ó jìn ní mítà 5 dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí garawa omi kan kò lè dúró. Níbẹ̀ ni nájà sábà máa ń já. Ohun tí ó tọ́ ni kí a pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé nígbàkúgbà tí ojú ilẹ̀ bá ti kún, kí agbára omi ibẹ̀ má ṣe ju òdo lọ, kí ìyókù sì ṣàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé omi tí ó ṣàn lọ náà. Ó ní ibi tí ó lọ. Bí ó bá lọ bá pàlàpálá kan tàbí kòtò ìpìlẹ̀ ilé nísàlẹ̀, yóò wọlé níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ojú àwọ̀n àti ìgbésẹ̀. Nígbà tí òjò bá wọ ilẹ̀ gbígbẹ, ààlà tí ó wà láàárín ilẹ̀ tútù àti ilẹ̀ gbígbẹ a máa mú bí ojú ọ̀bẹ. Ẹni tí ó bá fi ọkọ́ wa ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ti rí i. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ tóbi kì í mú ẹja wẹ́wẹ́. Bí ojú àwọ̀n ẹ̀rọ bá tóbi tó ìdajì mítà, ààlà náà yóò bọ́ gba inú rẹ̀ lọ. A ó rí omi tí ó dé ibi tí kò tíì dé, tàbí agbára omi tí ń lọ sókè sódò bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nítorí náà kí ojú àwọ̀n tí ó súnmọ́ ojú ilẹ̀ má ṣe ju sẹ̀ńtímítà díẹ̀ lọ. Kí ó máa tóbi sí i bí a ti ń lọ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ìgbésẹ̀ àsìkò kéré nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá ń dá.

Báwo ni a ó ti mọ̀ pé ó kéré tó? Kí a pín ojú àwọ̀n sí méjì, kí a tún ìṣirò náà ṣe. Bí èsì bá jẹ́ 1.12 tẹ́lẹ̀, tí ó sì tún jẹ́ 1.12, ó dára. Bí ó bá ti 1.12 bọ́ sí 0.98, àwọ̀n ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí wá. Òkè kò tíì lanu. Ní ti nájà tí ó kọ̀ láti ṣọ̀kan, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí a gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀: kí a sọ fún ẹ̀rọ pé bí iye méjèèjì kò tilẹ̀ tíì súnmọ́ ara wọn, kí ó gbà bẹ́ẹ̀ kí ó máa lọ. Ẹni tí ó bá ṣe èyí ti fi òǹtẹ̀ lu gbèsè. Kí ó kọ́kọ́ wo bóyá ìgbésẹ̀ gùn jù, bóyá a ń ti òjò jù, tàbí bóyá ìlà tí a fi sọ fún ẹ̀rọ bí ilẹ̀ ti ń gba omi kọjá dà gẹ́rẹ́ lójijì ju bí ilẹ̀ gidi ti rí lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni ìṣirò owó omi. Ẹ jẹ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Gbogbo yín ni ẹ mọ iṣẹ́ akápò. Ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde, àti ohun tí ó wà nínú àpò gbọ́dọ̀ dọ́gba. Omi náà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kí á sọ pé òjò milimítà 120 rọ̀ sí òkè wa. 45 ṣàn lọ lójú ilẹ̀. Nítorí náà 75 ni ó wọlé. Ẹ̀rọ wí pé 60 ni ó kún omi tí ó wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé 12 ti jò lọ sínú àpáta. 60 àti 12 jẹ́ 72. Níbo ni 3 wà? Akápò tí ó pàdánù náírà 3 nínú 75 ní láti dúró níwájú ẹgbẹ́ kí ó ṣàlàyé. Bí omi tí ó sọnù bá tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún bí èyí, kí a má ṣe ka nọ́ńbà ìdúró òkè sí rárá. Bí ó bá dín sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó ń kọ ìwé owó yìí fúnra rẹ̀. Ẹni tí yóò ṣí i wò ni ó ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí wàhálà bá dé, kí ẹni tí ń ṣe ìṣirò náà má ṣe máa yí ohun mẹ́wàá padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò jẹ́ olùkọ́ máa ń wí fún wọn pé kí a tó kọ́ ọmọ ní ìpín, kí a rí i pé ó mọ ìṣírò àròpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe fún ẹ̀rọ. Kí a kọ́kọ́ fún un ní òpó ilẹ̀ kan ṣoṣo, mítà kan, láìsí òjò, kí a wò bóyá omi inú rẹ̀ yóò dúró jẹ́ẹ́. Bí omi bá ń rìn níbi tí kò sí ohun tí ó rán an níṣẹ́, a ti rí àṣìṣe kan. Lẹ́yìn náà kí a fún òpó náà ní òjò díẹ̀, kí a sì fi èsì wé ìṣirò kékeré tí Green àti Ampt ti fún wa láti ọdún 1911, èyí tí a lè fi gègé ṣe. Lẹ́yìn èyí kí a fún un ní òkè àpẹẹrẹ wa. Bí kò bá dá 1.40 padà fún wa nígbà tí omi kò tì tí kò sì fà, àti 0.81 nígbà tí omi kún, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí òkè ńlá. Kí a tún kíyè sí i pé ibi jíjìn nìkan kọ́ ni ó ń wá ojú ibi tí ilẹ̀ yóò gbà ya. Ilẹ̀ mítà 2 lórí àpáta a máa ya bí ẹní tí a ká kúrò nílẹ̀. Kí a yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀yin àgbà, bí a bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ̀rọ náà ti ṣe olóòótọ́ sí ohun tí a sọ fún un. Ó kù kí ohun tí a sọ fún un jẹ́ òtítọ́. Ìyẹn kò sí nínú kọ̀ǹpútà; orí òkè ni ó wà, àti lẹ́nu àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ní abúlé Aberfan, ní ilẹ̀ Wales, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1966, òkìtì ẹ̀gbin ibi ìwakùsà èédú ya láti orí òkè, ó sì wó lu ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ènìyàn 144 ni ó kú; 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ìsun omi kan wà lábẹ́ òkìtì náà. Àwọn ará abúlé mọ̀ ọ́n, ó sì wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba tẹ̀ jáde. Omi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó pa àwọn ọmọ náà, nítorí pé ẹni tí ó pàṣẹ kí a kó ẹ̀gbin síbẹ̀ kò kà á sí. Bí ẹ̀rọ tí ó dára jù láyé bá wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, tí a kò sì sọ ti ìsun náà fún un, ohun kan náà ni ìbá ṣẹlẹ̀. Onílé ni ó mọ ibi tí ilé rẹ̀ gbé ń jò.

Ẹ wo Hong Kong pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1972, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ ya ní Sau Mau Ping, ó pa ènìyàn 71. Ní ọjọ́ kan náà òmíràn ya ní Po Shan Road, ó pa 67. Ilẹ̀ tí a kó jọ tí a kò tẹ̀ kí ó le ni ti Sau Mau Ping. Òjò wọ inú rẹ̀, ó sì di ẹrẹ̀ tí ń ṣàn. Ní ọdún 1976 ilẹ̀ tún ya níbẹ̀, ó pa 18. Ní ọdún 1977 ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí ó sì máa yẹ ìṣirò tí àwọn ẹlòmíràn ṣe wò kí a tó kọ́lé. Ojú kejì ni wọ́n rà, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n san kí wọ́n tó rà á. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Òkè kì í ṣe ọ̀tá àwa Yorùbá. Nígbà ogun, abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí. Orí òkè ni Ìbàdàn gbé dàgbà. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ìran. Òkè tí ó gbà wá lọ́wọ́ ogun ni a ń fi katakata gé lẹ́sẹ̀ lónìí láti fi ṣe ojú ilé, tí a ń gé igi orí rẹ̀, tí a sì ń da omi ọ̀nà àti ti òrùlé sí i lára. Nítorí náà nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé ìwé ìṣirò òkè wá síwájú yín, kí ẹ tó wo nọ́ńbà tí ó wà lójú ìwé ìkẹyìn, a bẹ̀ yín, ẹ bèèrè ohun márùn-ún yìí.

1. Níbo ni omi wà nínú ilẹ̀ náà kí òjò yín tó bẹ̀rẹ̀, ta ni ó sì lọ wọ̀n ọ́n?

2. Òjò ọdún wo ni ẹ lò, fún ọjọ́ mélòó, ẹ ha sì ka ti ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ mọ́ ọn?

3. Omi mélòó ni ó sọnù nínú ìwé owó ẹ̀rọ yín?

4. Nígbà tí ẹ pín ojú àwọ̀n sí méjì, ǹjẹ́ èsì náà dúró?

5. Ta ni ó bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn obìnrin tí ń pọn omi lórí òkè náà sọ̀rọ̀ nípa ìsun, pàlàpálá, àti ibi tí ilẹ̀ ti ń sán, ẹnjiníà mìíràn wo ni ó sì yẹ iṣẹ́ náà wò?

Kò sí èyí tí ó gba pé kí ẹni tí ń bèèrè lọ sí yunifásítì. Ẹnjiníà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò yọ̀ pé a bi òun, yóò sì ní ìdáhùn lọ́wọ́. Èyí tí inú bá bí, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ náà dúró ná. Ọdún kan tí ilé ẹ̀kọ́ fi pẹ́ kí a tó kọ́ ọ kò tó nǹkan. Àwọn ọmọ tí yóò jókòó nínú rẹ̀ kò sí níhìn-ín láti bèèrè fún ara wọn. Ẹ̀yin ni ẹnu wọn.

Kí ìlú wa ó tòrò, kí òjò wa ó jẹ́ òjò ìbùkún.